BÍ ỌDÚN BÁ DÉ, Ẹ RỌRA: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ń Wa Ọkọ̀ àti Ẹni tí Ń Wọ̀ Ọ́

Kò sí ìdílé kan láàrin wa tí kò mọ ayọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi ní ilé-ẹ̀kọ́, ìyá ti di ẹrù, baba ti ti ibi iṣẹ́ dé, gbogbo ilé sì kọ ojú sí ìlú baba wọn. Ní ìlú náà, ìyá àgbà kan ti gbé ìkòkò ka iná; bí ó bá sì ti gbọ́ ìró mọ́tò, a yọjú wo òde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí nígbà Kérésìmesì, àti nígbà Iléyá àwọn ará wa Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ó ṣe ni láàánú pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí a se oúnjẹ dè ni ó ń dé ibi oúnjẹ náà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkọ̀ akérò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, èrò sì kún ìdíkọ̀. Dírẹ́bà wa fẹ́ tètè dé, kí ó lè padà wá kó èrò mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò pẹ́ tí a jáde ní ìlú ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré àsápajúdé, tí ó ń gba àárín tírélà méjì kọjá. Gbogbo wa dákẹ́. Mo rí ọkùnrin kan tí ó di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú pinpin. Mo rí ẹlòmíràn tí ètè rẹ̀ ń mì nínú àdúrà. Èmi pàápàá ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé ọ̀ràn náà kò kàn mí. Ìyá arúgbó kan tí ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan ni ó fọhùn.

“Dírẹ́bà, ọmọ mi, jọ̀wọ́, rọra. Àwọn tí ó bí ọmọ yìí ń retí rẹ̀.”

Dírẹ́bà ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ ọ̀nà yìí bí ẹní mowó.”

Ìyá dáhùn pé, “Mo mọ̀ pé o mọ ọ̀nà, ọmọ mi. Ṣé ọ̀nà mọ̀ ọ́?”

Nígbà náà ni ẹnu àwa tí ó kù tó là. Ọ̀kan sọ̀rọ̀, èkejì gbè é lẹ́sẹ̀, dírẹ́bà sì dẹ eré. A dé Èkó láyọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí pé arúgbó ni ó bá wa sọ ohun tí ó wà lọ́kàn gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò èrè eré sísá náà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Òfin ìrìnnà fún ọkọ̀ akérò ní kìlómítà 90 ní wákàtí kan lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sá 120 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 21 péré ṣáájú ẹni tí ó pa òfin mọ́. Nítorí ìṣẹ́jú 21 yìí, ọkọ̀ rẹ̀ ń rin mítà 33 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì tẹ bíréèkì, ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò fi wọ́ kí ó tó dúró fẹ́rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí ń sá 90. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ ra ìṣẹ́jú 21?

Ọ̀ràn yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni a fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè jókòó sínú ọkọ̀ gbogbo. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ara wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ yẹ táyà yín wò kí ọdún tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Nọ́mbà mẹ́rin kan wà létí táyà tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: méjì ìṣáájú ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 1222, ọ̀sẹ̀ 12 ọdún 2022 ni a ṣe é. Táyà tí ó ti gbó lè máa dán lójú, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo, tí oòrùn sì mú, yóò bẹ́. Ẹ tètè jáde nílé ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà. Bí oorun bá ń kun yín, ẹ yà sí ibi tí kò léwu, kí ẹ sùn díẹ̀. Orin kíkọ àti omi títútù kò lè lé oorun jìnnà. Ẹni tí ó bá sì ti mu ọtí tàbí páráágà, kí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rí i pé olúkúlùkù de bẹ́líìtì rẹ̀, àti ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ti fi hàn pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú kù tó ìdajì. Ìyá arúgbó wa gbọ́n lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ kọ́ ni ibi tí ó yẹ ọmọ: bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, kò sí apá tí ó lágbára tó láti di ọmọ mú. Ìjókòó tirẹ̀ ni ó yẹ kí a dè é mọ́.

Bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ pe 122, nọ́mbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. A kì í san owó fún un. Ẹ má ṣe fi apá fa ẹni tí ó farapa bí ẹni ń fa àpò, kí ọrùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bàjẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń retí àlejò. Ẹ má ṣe máa pe ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀ láti bi í pé, “Ibo lẹ dé? Oúnjẹ ti ń tutù!” Oúnjẹ tí ó tutù, iná ni a ó tún gbé e kà. Ẹ sọ fún un kí ó tó kúrò nílé pé bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, a kò ní bínú sí i.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a lọ ire, kí a sì bọ̀ ire. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gbàdúrà náà, bí ẹni tí ń wa ọkọ̀ bá ń sáré jù, ẹ jẹ́ kí a la ẹnu wa.