Àfiwé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí odò ní Yúróòpù

Ìrìn-àjò ìgbafẹ́ orí odò ní Yúróòpù jẹ́ ìrìn-àjò ìsinmi nínú èyí tí àwọn èrò máa ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ mélòó kan. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, ọkọ̀ náà ni ó sì ń gbé wọn láti ìlú kan dé òmíràn lórí àwọn odò bíi Ráìnì, Dánúbù, Seine, Rhône àti Douro. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣe òwò yìí, iye tí wọ́n ń gbà sì yàtọ̀ síra gidigidi. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan, nítorí pé ohun tí owó ọkọ̀ kárí ní ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ ohun tí èrò yóò tún san owó fún lọ́tọ̀ ní ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, iye tí a kọ sínú ìwé ìpolówó nìkan kò tó láti fi mọ èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní tòótọ́.

Àwọn odò àti ìwọ̀n ọkọ̀

Odò Ráìnì, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 1,230, ń ṣàn láti orí àwọn òkè Alps ní Swítsàlandì lọ sí Òkun Àríwá ní Nẹ́dálándì. Dánúbù gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó nǹkan bí kìlómítà 2,850. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Igbó Dúdú ní Jámánì, ó kan orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, ó sì wọ inú Òkun Dúdú. Olú-ìlú mẹ́rin ni ó wà létí rẹ̀: Vienna, Bratislava, Budapest àti Belgrade. Ní ọdún 1992 ni wọ́n parí ipa omi àtọwọ́dá kan tí ó gùn ní kìlómítà 171 láàárín Bamberg àti Kelheim ní Jámánì. Ipa omi yìí so Odò Main, tí ó ń ṣàn sínú Ráìnì, pọ̀ mọ́ Dánúbù. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ kan ṣoṣo ti lè gbéra ní Amsterdam kí ó sì gúnlẹ̀ sí Budapest.

Ọ̀nà omi yìí ni ó pinnu bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Níbi tí omi bá ti ga ju ara wọn lọ, àwọn yàrá omi onílẹ̀kùn tí à ń pè ní lọ́ọ̀kì ni ó ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí tí ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Fífẹ̀ lọ́ọ̀kì ojú ọ̀nà Main àti Dánúbù jẹ́ mítà 12, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí mítà 11.4 lọ, gígùn wọn kì í sì í kọjá mítà 135. Afárá tí kò ga kò jẹ́ kí wọ́n ní ju àjà mẹ́ta lọ fún yàrá. Ọkọ̀ AmaMagna ti ilé-iṣẹ́ AmaWaterways, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019, yàtọ̀ sí èyí: ó fẹ̀ ní nǹkan bí mítà 22, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ó kúrò lórí Dánúbù.

Níwọ̀n ìgbà tí ìta ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ibi tí ìyàtọ̀ wọn wà ni bí wọ́n ṣe pín inú ọkọ̀. Ọkọ̀ Longship ti Viking tí ó gùn ní mítà 135 ń gba èrò 190. Ọkọ̀ Tauck tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 135 kan náà ń gba èrò 130. Àyè tí ó kan èrò kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ kejì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ sì ga jù ú lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀

CroisiEurope, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Strasbourg ní ọdún 1976. Torstein Hagen, ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè, dá Viking sílẹ̀ ní ọdún 1997 pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rin tí ó rà ní Rọ́ṣíà. Ní ọdún 2012 ni Viking bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkọ̀ Longship jáde, èyí tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. AmaWaterways dáyé ní ọdún 2002, Avalon Waterways sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2004. Scenic jẹ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ọsirélíà tí ó ti ń ṣètò ìrìn-àjò láti ọdún 1986, òun kan náà ni ó sì dá Emerald sílẹ̀ ní ọdún 2014 fún àwọn tí owó Scenic bá wọ̀ lọ́rùn. Tauck, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti wà láti ọdún 1925, àti Uniworld náà wà lára àwọn tí orúkọ wọn fìdí múlẹ̀. A-ROSA ti ilẹ̀ Jámánì àti Riviera Travel ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbẹ́yìn.

Ohun tí owó ọkọ̀ kárí

Ní ilé-iṣẹ́ gbogbo, owó ọkọ̀ kárí yàrá, oúnjẹ àti ìrìn láti ìlú dé ìlú. Íntánẹ́ẹ̀tì náà sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ohun márùn-ún ni ó máa ń fa ìyàtọ̀: ohun mímu, àbẹ̀wò sí ìlú pẹ̀lú afinimọ̀nà, owó ìdúpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ tí ń gbé èrò láti pápákọ̀ òfurufú dé èbúté, àti owó ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀.

Tauck, Uniworld àti Scenic wà ní ìsọ̀rí àwọn tí ó ń kó ohun gbogbo pọ̀. Ohun mímu láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, àbẹ̀wò àti owó ìdúpẹ́ ti wà nínú iye tí èrò san, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn wáìnì olówó iyebíye kan lè wà lọ́tọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni owó wọn máa ń ga jù lójú ìwé ìpolówó.

Viking, AmaWaterways, Avalon àti Emerald wà ní ìsọ̀rí kejì. Wáìnì, bíà àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wà pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán àti alẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí èrò bá mu ní àkókò mìíràn sábà máa ń ní owó tirẹ̀. Viking ń fún èrò ní àbẹ̀wò kan láìgba owó ní ọ̀pọ̀ èbúté, ó sì ń ta àwọn mìíràn. AmaWaterways máa ń jẹ́ kí èrò yan ọ̀kan nínú àbẹ̀wò oríṣiríṣi, ó sì ń gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ fún àwọn tí ó bá fẹ́ gùn ún ní etí odò.

Ìsọ̀rí kẹta ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù fúnra wọn ń lò jù. CroisiEurope fi ohun mímu ìdí oúnjẹ àti ti ilé ọtí inú ọkọ̀ sínú owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ta àbẹ̀wò lọ́tọ̀. Ti Riviera Travel yàtọ̀: ọ̀pọ̀ àbẹ̀wò wà nínú owó, èrò ni ó sì ń ra ohun mímu rẹ̀. Èdè náà ṣe pàtàkì níbí, nítorí pé ìkéde inú ọkọ̀ CroisiEurope tàbí A-ROSA lè jẹ́ ní èdè Faransé tàbí ti Jámánì kí ó tó di Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé-iṣẹ́ kan náà lè ta ọjà kan náà ní ọ̀nà méjì. Àwọn tí ó ra ìrìn-àjò Viking ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń rí owó ọkọ̀ òfurufú àti owó ìdúpẹ́ nínú iye tí wọ́n san, nígbà tí ẹni tí ó rà á ní Amẹ́ríkà yóò san wọ́n lọ́tọ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a kọ fún àwọn ará orílẹ̀-èdè kan lè ṣi ará orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́nà.

Àpẹẹrẹ ìṣirò

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń gba yúrò 2,800 fún òru méje, tí èkejì sì ń gba 3,900 tí ó kárí ohun gbogbo. Ìyàtọ̀ tí ó hàn sójú jẹ́ yúrò 1,100. Bí èrò ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá san owó ìdúpẹ́ yúrò 15 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje, èyí jẹ́ 105. Bí ó bá ra àbẹ̀wò mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70, èyí jẹ́ 210. Bí ohun mímu rẹ̀ bá jẹ́ yúrò 15 lójúmọ́, èyí tún jẹ́ 105. Bí àlọ àti àbọ̀ sí pápákọ̀ òfurufú bá gba 100, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ yúrò 3,320. Ìyàtọ̀ tí ó kù kò ju 580 lọ, ohun tí èrò sì ní láti bi ara rẹ̀ ni bóyá yàrá tí ó tóbi jù àti ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ tó iye yẹn.

Bí èrò náà kò bá mu ọtí, tí ó sì fẹ́ràn láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn káàkiri ìlú, ìṣirò náà yóò yí padà. Owó ìdúpẹ́ àti ti pápákọ̀ nìkan ni yóò fi kún un, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 3,005. Ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó bá wọ ọkọ̀ kejì yóò san 895 sí i, ó sì ń bá àwọn ẹlòmíràn san owó ọtí tí kò ní fi kan ẹnu. Ìdí nìyí tí kò fi sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó dára jù fún gbogbo ènìyàn.

Iye òru ni ó yẹ kí a fi pín owó, kì í ṣe iye ọjọ́. Ìrìn-àjò tí a pè ní ọjọ́ mẹ́jọ jẹ́ òru méje: ọ̀sán ni èrò máa ń wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Yàrá, àkókò àti irú èrò

Iye tí a máa ń kéde jẹ́ ti yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù, èyí tí ó wà ní àjà ìsàlẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ó wà lókè lẹ́bàá òrùlé, kì í sì í ṣí. Lókè rẹ̀ ni àwọn yàrá tí wọ́n ní ohun tí à ń pè ní bákónì Faransé: ìlẹ̀kùn gíláàsì tí ó ṣí síta pẹ̀lú irin ìdábùú, láìsí àyè tí ènìyàn lè gbé àga sí. Irú yàrá yìí nínú ọkọ̀ Longship jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 12.5, nígbà tí yàrá Panorama ti Avalon, tí ibùsùn rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, jẹ́ nǹkan bí 18.6. Ṣùgbọ́n bí èbúté bá kún, ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta a máa so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tí ó sanwó bákónì a sì máa wo ògiri ọkọ̀ kejì.

Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án ni owó máa ń ga. Ó máa ń lọ sílẹ̀ ní oṣù kẹta àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kí àwọn ọjà Kérésìmesì tó mú un gòkè padà. Ẹni tí ó bá dá rìn sábà máa ń san àfikún, nítorí pé ènìyàn méjì ni a fi ṣírò owó yàrá. Viking kì í gba ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18. Àwọn ìdílé tí ó ní ọmọ lè lo A-ROSA, tàbí àwọn ìrìn-àjò kan tí AmaWaterways ń ṣe pẹ̀lú Adventures by Disney láti ọdún 2016.

Omi odò àti ẹ̀tọ́ èrò

Ewu tí ó pọ̀ jù fún owó èrò ni ìwọ̀n omi. Nígbà ọ̀dá, omi odò lè fà débi tí ọkọ̀ kò fi ní lè kọjá. Bí òjò bá sì pọ̀ jù, ọkọ̀ kò ní lè gba abẹ́ afárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, òṣùwọ̀n omi Ráìnì ní Kaub lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè kó èrò sínú bọ́ọ̀sì, tàbí kí ó gbé wọn lọ sínú ọkọ̀ mìíràn tí ó wà lápá kejì odò. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ púpọ̀ tí wọ́n jọra ni ó lè ṣe pàṣípààrọ̀ yìí wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí sì jẹ́ àǹfààní tí kì í hàn nínú iye owó.

Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí àkànpọ̀ ìrìn-àjò, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé àdéhùn láìsan owó ìtanràn bí ilé-iṣẹ́ bá yí ohun pàtàkì nínú rẹ̀ padà kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ó bá fi ju ìdá 8 nínú 100 lọ kún owó. Ẹni tí ó bá ra ìrìn-àjò rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí òfin yìí kò kàn ní láti gbára lé ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn àti adójútòfò ìrìn-àjò rẹ̀.

Físà náà jẹ́ ara ìṣirò. Ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, àti nítorí pé Sérbíà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìrìn-àjò Dánúbù tí ó bá kọjá ní Belgrade kí ó tó padà wọ Húngárì tàbí Bùlùgéríà ń béèrè fún físà tí ó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.