Ẹlẹ́rù ló ń gbé ibi tó wúwo: Ohun tó yẹ kí oníléeṣẹ́ mọ̀ kó tó gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé alágbàtọ́jú lọ́wọ́

Lójú pópó tó gba Ìdímù kọjá, láti Ìkòtún títí dé Ẹgbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn aládàáni, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìtajà oògùn àti iléeṣẹ́ kéékèèké kò lóǹkà. Nígbà kan, inú ìwé ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ orúkọ oníbàárà àti ìṣirò owó sí. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná fún un. Ṣùgbọ́n bí iná ségesège bá jó kọ̀ǹpútà náà, tàbí tí olè bá gbé e lọ lóru, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá bá a lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ fi ń kó àkọsílẹ̀ wọn lọ sórí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ‘cloud’, tí wọ́n sì ń gba alágbàtọ́jú tí yóò máa bá wọn mójú tó o. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ alágbàtọ́jú, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà?

‘Cloud’ túmọ̀ sí ìkùukùu, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó wà lójú sánmà. Ilé ńlá tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí lọ jàntìrẹrẹ ni, tí wọn kì í jẹ́ kí iná kú níbẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ni ín a máa fi háyà fún ẹni tó bá fẹ́. Onítọ̀hún a gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lò ó, a sì san owó ìwọ̀nba ohun tó bá lò. Amazon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sọ òwò yìí di ńlá láti ọdún 2006, Microsoft àti Google náà sì tẹ̀ lé e. Nílẹ̀ Áfíríkà, Microsoft ṣí tirẹ̀ ní South Africa lọ́dún 2019, Amazon ṣí tirẹ̀ sí Cape Town lọ́dún 2020, Google sì ṣí tirẹ̀ sí Johannesburg lọ́dún 2024. Èkó náà kò gbẹ́yìn nínú kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Rack Centre wà ní Orégùn. MainOne, iléeṣẹ́ tí Arábìnrin Funke Opeke dá sílẹ̀, kọ́ tirẹ̀ sí Lẹ́kí, kí Equinix ti Amẹ́ríkà tó ra iléeṣẹ́ náà ní 320 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2022.

Ṣùgbọ́n háyà yàtọ̀ sí ìtọ́jú. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Ìkòtún mọ̀ pé onílé kò ní bá òun ka ọjà, kò sì ní bá òun ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Bákan náà ni Amazon àti Microsoft ṣe là á kalẹ̀ fún oníbàárà pé àwọn yóò dáàbò bo ilé àti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà bá kó sínú rẹ̀, àti ẹni tó bá fún ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn password, ọwọ́ oníbàárà ló wà.

Ibẹ̀ ni alágbàtọ́jú ti wúlò. Òun ni yóò kó àkọsílẹ̀ láti ọ́fíìsì lọ síbẹ̀, tí yóò pín àṣẹ pé nọ́ọ̀sì lè rí èyí, akápò lè rí tọ̀hún. Òun ni yóò máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lójoojúmọ́, tí yóò máa dí ihò tí àwọn ọ̀daràn lè gbà wọlé, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ láago méjì òru. Ilé ìwòsàn tó ní ogún òṣìṣẹ́ ní Ìdímù kò lè máa san owó oṣù fún ẹni mẹ́ta tó mọ irú iṣẹ́ yìí, pàápàá lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n ń já pa lọ sókè òkun. Alágbàtọ́jú kan lè máa ṣe é fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ pọ̀, kí ìnáwó náà sì mọ níwọ̀n fún oníkálukú.

Ọ̀rọ̀ owó tún ni ìdí mìíràn. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ òkèèrè yìí fi ń ṣírò owó wọn. Kí ìjọba tó yọ̀ǹda náírà fún ọjà lóṣù kẹfà, ọdún 2023, bíi ₦460 ni báǹkì ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tó fi di oṣù kejì, ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Iléeṣẹ́ tó bá ń san igba dọ́là lóṣù, tó jẹ́ ₦92,000 tẹ́lẹ̀, bá ara rẹ̀ nídìí ₦300,000 láìfi ohunkóhun kún ohun tó ń lò. Alágbàtọ́jú tó mọṣẹ́ yóò pa kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kì í lò lóru, yóò sì kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ lọ síbi tí owó rẹ̀ ti kéré. Àmọ́ ó yẹ kí ọ̀gá iléeṣẹ́ béèrè ọ̀nà tí alágbàtọ́jú gbà ń jèrè, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá ṣe ń ná sí i ni èrè tiwọn ń pọ̀ sí i.

Ewu ibẹ̀ kò sì kéré. Lóṣù kẹfà, ọdún 2014, ọ̀daràn kan rí kọ́kọ́rọ́ Code Spaces, iléeṣẹ́ tó ń lo Amazon láti bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn. Ó béèrè owó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe pa mọ́ wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan náà, ó sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹn náà rẹ́. Ní nǹkan bí wákàtí méjìlá, iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé.

Èyí tó kan àwọn alágbàtọ́jú gan-an ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, oṣù keje, ọdún 2021. Kaseya, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ alágbàtọ́jú fi ń wọnú kọ̀ǹpútà oníbàárà wọn láti òkèèrè. Àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní REvil gba inú irinṣẹ́ yìí wọlé, wọ́n ti àkọsílẹ̀ pa, wọ́n ní kí àwọn tó ni ín wá fowó rà á padà. Alágbàtọ́jú tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ju bí ọgọ́ta lọ, ṣùgbọ́n Kaseya fúnra rẹ̀ ṣírò pé iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn tó fara gbá a wà láàárín 800 sí 1,500. Ní Sweden, Coop, ilé ìtajà oúnjẹ, ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ẹ̀rọ ìgbowó wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Coop kò bá Kaseya dòwò ní tààrà. Iléeṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lójú òfin Nàìjíríà, ẹrù kò kúrò lórí ẹlẹ́rù. Òfin ìdáàbòbo àkọsílẹ̀ aráàlú tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lóṣù kẹfà, ọdún 2023, sọ pé iléeṣẹ́ tó gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn ni yóò rí i pé ẹni tó gbé e fún pa òfin mọ́, ìwé àdéhùn sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì ṣeé ṣe kó pa ẹni tó ni ín lára, alágbàtọ́jú gbọ́dọ̀ tètè sọ fún iléeṣẹ́, iléeṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń mójú tó òfin náà létí láàárín wákàtí 72. Ẹni tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá di ohun tí wọ́n ń kà káàkiri àdúgbò kò ní mọ orúkọ alágbàtọ́jú. Orúkọ ilé ìwòsàn ni yóò máa pè.

Ohun kan tún wà tó kọjá agbára alágbàtọ́jú. Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d’Ivoire. Báǹkì àti iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà fara gbá a. Àkọsílẹ̀ tó wà lókèèrè kò bàjẹ́, ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ló dí. Nítorí náà, ó yẹ kí ilé ìwòsàn ní ẹ̀dà ohun tó ṣe kókó jù nítòsí, irú bíi oògùn tí aláìsàn tó wà lórí ibùsùn ń lò.

Kí iléeṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú alágbàtọ́jú, nǹkan márùn-ún ló yẹ kó mójú tó. Èkíní, orúkọ iléeṣẹ́ ni kí wọ́n fi ṣí àkáǹtì, kí kọ́kọ́rọ́ àgbà sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ìwé háyà ṣọ́ọ̀bù bá ń jẹ́ orúkọ ọmọ iṣẹ́, ọjọ́ tí ìjà bá dé ni ọ̀gá yóò mọ̀ pé àlejò ni òun. Èkejì, kí ẹ̀dà kan wà níbi tí kọ́kọ́rọ́ alágbàtọ́jú kò dé, kí wọ́n sì máa dán an wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí àdéhùn sọ iye wákàtí tí alágbàtọ́jú gbọ́dọ̀ fi dáhùn bí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀, àti ohun tí yóò san bí kò bá dáhùn. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí wọn yóò ṣe túká àti bí àkọsílẹ̀ yóò ṣe padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnì kan wà nínú òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà tó lè ka ìròyìn oṣooṣù alágbàtọ́jú, kó sì yé e.

Iṣẹ́ ṣeé gbé fún ẹlòmíràn, orúkọ ni kò ṣeé gbé fún un. Alágbàtọ́jú lè bá ni gbé e débi tó lè dé, ẹlẹ́rù ni yóò máa gbé ibi tó wúwo.