Olú inú Kíríìmù, Olú inú Ẹ̀gúsí

Aago méje alẹ́ ti lù kọjá kí ọkọ̀ tó já mi sílẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Victoria Island ni mo ti ń bọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa ní Ìkátẹ̀, ó dẹwọ́ díẹ̀ ní Jákáńdè, ó wá gbá wa mú lábẹ́ afárá Ajah bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tó bá ń gbé apá ibí kò ní bi mí ìdí tí n kò fi gún iyán lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ bi mí kí n tó bọ́ bàtà ni òun náà yóò bi mí: "Mọ́mì, kí la fẹ́ jẹ?"

Ìdáhùn méjì ló sábà máa ń wà nílé mi, olú sì wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan ni sìpàgẹ́tì tí a fi olú àti kíríìmù sè, tí àwọn ọmọ jẹ nílé ọ̀rẹ́ wọn ní Lekki Phase 1 tí wọn ò sì jẹ́ kí n gbádùn mọ́ títí mo fi kọ́ ọ. Èkejì ni ọbẹ̀ ẹ̀gúsí olú tí ìyá mi máa ń sè l'Oǹdó nígbà tí ẹran bá wọ́n. Àwọn èèyàn á ní kí ló tún kù tí a fẹ́ wọ̀n: sìpàgẹ́tì yá, ẹ̀gúsí pẹ́, ó tán. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò tí oúnjẹ ń gbà kì í ṣe ti orí iná nìkan.

Lórí iná, sìpàgẹ́tì ló borí, n kò jiyàn. Omi tó ń hó, lítà 1 fún gíráàmù 100, àti iyọ̀ tó pọ̀ díẹ̀ ju bí ọwọ́ ṣe fẹ́ bù ú lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 9 tàbí 10 tí sìpàgẹ́tì fi ń rọ̀, olú ti ń sún mọ́ jíjinná nínú páànù. Olú yìí gan-an ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Omi ló kó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá olú tútù. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ sínú páànù lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tú omi sílẹ̀, yóò máa bọ̀ nínú omi ara rẹ̀, yóò sì máa yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Ọmọ mi àgbà fi fọ́ọ̀kì ṣà á sí etí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná dáadáa, ẹ tẹ́ olú sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má tètè fi iyọ̀ sí i, ẹ sì fi í sílẹ̀ títí omi á fi gbẹ tí etí rẹ̀ á pọ́n. Ìgbà náà ni àlùbọ́sà, áyù àti bọ́tà á tó wọlé. A ó rẹ iná sílẹ̀, a ó da kíríìmù lé e, a ó sì bu ife kékeré kan nínú omi tí a fi se sìpàgẹ́tì sí i, nítorí sítáàṣì inú omi yẹn ló ń mú kí ọ̀rá àti omi di ara wọn mú. Ìyèré ni èmi máa ń lọ̀ sí i dípò ata dúdú tí wọ́n ń tà nínú ìgò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ti ba oúnjẹ Ítálì jẹ́. Kí wọ́n rọra. Alfredo di Lelio tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọbẹ̀ oníkíríìmù káàkiri Lekki, bọ́tà àti wàràkàṣì nìkan ló fi ń po tirẹ̀ ní Róòmù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Amẹ́ríkà ni kíríìmù ti bá a. Ẹni tó ń da kíríìmù sí i kò lè bínú sí ìyèré mi.

Ẹ̀gúsí kò mọ ìkánjú. Èèyàn á rẹ olú gbígbẹ, á fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta kí yanrìn tó tán lára rẹ̀, á jẹ́ kí ata jinná nínú epo pupa títí kíkan rẹ̀ á fi lọ, á wá po ẹ̀gúsí lílọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, á máa já a sínú ọbẹ̀ ní gìdìgbà gìdìgbà. Kò ní rò ó fún ìgbà díẹ̀ kó lè dì. Irú, edé, olú, ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ohun gbogbo. Wákàtí kan kò pọ̀ fún un, a kò sì tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀bà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bèèrè ibi tí olú méjèèjì ti wá. Funfun kékeré inú ike gíráàmù 250 yẹn, ìran rẹ̀ ni àwọn ará Faransé ti ń gbìn láti nǹkan bí ọdún 1600 sí 1700, wọ́n sì wá ń gbìn ín nínú ihò tí wọ́n ti wa òkúta lábẹ́ ìlú Paris. Nínú òtútù ló ń gbé láti oko títí dé ilé ìtajà, irú èyí tó wọ Lekki nígbà tí Shoprite ṣí sí The Palms lọ́dún 2005. Bí òtútù yẹn bá já níbì kan, olú á ṣú, á máa yọ̀. Kíríìmù tiẹ̀ tún ṣakọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá ti ṣí i, ọjọ́ mélòó kan ló ní, inú fíríìjì náà ni. Ta ló ń sanwó òtútù? Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa la mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń mu lálẹ́ kan. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, sí náírà 225 lórí ẹyọ kan. Ogún ìṣẹ́jú tí mo fi se sìpàgẹ́tì, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni fíríìjì ti fi ṣiṣẹ́ sìn ín.

Ti ọjà Ajah yàtọ̀. Gbígbẹ ni mo máa ń bá a níbẹ̀, nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ edé. Àlejò ni òun náà o. Ilẹ̀ yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun yìí, ẹja ló mọ̀ ju olú lọ. Ìyá tó ń tà á sọ fún mi pé láti òkè ni wọ́n ti ń kó o wá.

"Ìyá, ṣé ẹ ò lè bá mi rí tútù?"

"Ọmọ mi, tútù kì í dúró de mọ́tò. Gbígbẹ yìí lo máa rà."

Òótọ́ ló sọ. Nínú olú tí àwọn baba wa mọ̀, àwọn tó dùn jù, irú olú ọ̀rán, ìdí ilé ikán ni wọ́n ti ń hù. Ikán ló ń tọ́jú wọn lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń bọ́ ara wọn, nítorí náà kò rọrùn láti gbìn wọ́n bí a ṣe ń gbin ti Paris. Òjò ló ń pè wọ́n jáde. B. A. Oso kọ̀wé lórí olú àti àwa Yorùbá nínú ìwé ìròyìn Mycologia lọ́dún 1975, ó sì hàn níbẹ̀ pé àwọn àgbà mọ orúkọ oríṣiríṣi, wọ́n sì mọ èyí tó ń pani. Ìmọ̀ yẹn ni ẹni tó ń tà á fi ń pawó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ká èyí tó hù sínú koríko ẹ́sítéètì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, sìpàgẹ́tì ti di ohun mìíràn. Ó ti mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó ti wú, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Bí a bá gbé e gbóná, ọ̀rá á ya kúrò lára kíríìmù, á máa dán lórí àwo. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹ̀gúsí olú ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ajé ló máa ń dùn jù lẹ́nu mi. Ìyá mi kò ní fíríìjì nígbà yẹn, ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì kan: àárọ̀ kan, alẹ́ kan, ó ń gbé e kaná títí yóò fi hó, ó sì ń dé e padà láìki ṣíbí bọ̀ ọ́. Wákàtí kan tí ẹ̀gúsí gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo pín in sórí alẹ́ mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 15 ni ó ń di nígbà náà, sìpàgẹ́tì kò sì bá a.

Síbẹ̀ n kò ní purọ́ pé ẹ̀gúsí ni mo ń fẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ bá ku àwa méjì, tí iná wà, tí mo ra olú lọ́jọ́ náà gan-an, kíríìmù yẹn ń tu èèyàn lára ní ọ̀nà tí ẹ̀bà kò lè tù ú. Ó rọ̀, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Ìyá ọkọ mi jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó wá kí wa. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ó dára, ìyàwó mi. Oúnjẹ gan-an ńkọ́?"

Lálẹ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń sọ yìí, mo ṣí fíríìjì, òkùnkùn ló kí mi. Iná ti lọ láti àárọ̀. Mo rọ kíríìmù sínú ife, ó ṣù, ó ń rùn kíkan. Olú ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣú létí, ṣùgbọ́n kò tíì máa yọ̀. Mo gé ibi tó ṣú kúrò, mo dín èyí tó kù títí ó fi pọ́n. Ẹ̀gúsí ti ọjọ́ Àbámẹ́ta wà lórí ẹnu sítóòfù, a ti gbé e kaná láàárọ̀. Mo jẹ́ kó hó, mo da olú dídín náà lé e lórí, mo sì gbé omi ẹ̀bà kaná. Àbíkẹ́yìn mi tanná fóònù sínú àwo rẹ̀, ó wò ó títí.

"Mọ́mì, olú àwọn Phase 1 ló wà nínú ẹ̀gúsí yìí."

Ó ní kí n bu sí i.