Oúnjẹ ọ̀sán ni Gaston kọ́kọ́ tà, kó tó di ọ̀gá oníṣòwò nílùú Birmingham

Ẹni tó bá ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, tó ń rò pé òwò òun kò lè tó nǹkan kan láéláé, ẹ sọ ìtàn Arthur George Gaston fún un. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni. Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje, ọdún 1892 ni wọ́n bí i nílùú Demopolis, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ àgbà tẹ́lẹ̀ kí òmìnira tó dé. Nígbà tó máa fi kú ní oṣù kìíní, ọdún 1996, lẹ́ni ọdún 103, kò fẹ́ẹ̀ sí òwò tí kò tíì ṣe: ìnṣọ́ránsì, òtẹ́ẹ̀lì, báńkì, ilé àti ilẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, títí dórí rédíò.

Àtikékeré ni ojú rẹ̀ ti là. Jangirófà kan wà nínú ọgbà àwọn òbí rẹ̀ àgbà. Ọmọ tó bá fẹ́ gùn ún, bọ́tìnnì aṣọ tàbí píìnì ló máa fi san owó.

Lẹ́yìn tó ti ojú ogun àgbáyé kìíní dé, iṣẹ́ alágbára ló rí ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Tennessee Coal, Iron and Railroad, lẹ́bàá Birmingham. Ìyá rẹ̀, Rosie, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ sísè, ló máa ń di oúnjẹ ọ̀sán fún un. Kò pẹ́ tí Gaston fi ṣàkíyèsí pé ojú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kúrò lára oúnjẹ náà. Bí ìyá ṣe ń sè é nìyẹn, tí ọmọ ń tà á. Ó fi gúgúrú àti ẹ̀pà kún un. Nígbà tó yá, ó tún ń yá wọn lówó di ọjọ́ tí wọ́n máa gba owó iṣẹ́, èlé sẹ́ǹtì 25 lórí dọ́là kan. Ká má parọ́, èlé yẹn pọ̀, kò jìnnà sí sọ̀gúndogójì, a kò sì lè sọ ìtàn ọkùnrin náà ká fo ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn opó ló sọ ọ́ di oníṣòwò ńlá. Bí awakùsà kan bá kú, ìyàwó rẹ̀ á wá síbi iṣẹ́, á tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á máa tọrọ owó tó máa fi sin ọkọ rẹ̀. Gaston wò ó títí, ó ní ṣé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò lè máa dá sẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀ jọ kí ikú tó dé ni? Lọ́dún 1923, ó dá ẹgbẹ́ ìsìnkú sílẹ̀, ó fi orúkọ Booker T. Washington, aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú, pè é. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí máa tètè mọ bó ṣe rí, àfi pé níbí, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń kó o. Ewu ibẹ̀ náà kò kéré. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ lánàá bá kú lónìí, ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló máa wá owó pósí. Òun àti bàbá ìyàwó rẹ̀, A.L. Smith, wá dá ilé ìsìnkú tiwọn sílẹ̀, Smith and Gaston. Nígbà tó di 1932, ẹgbẹ́ náà ti di ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gidi.

Ilé-iṣẹ́ ń dàgbà, kò rí aláwọ̀ dúdú tó kọ́ṣẹ́ akọ̀wé àti taipù títẹ̀ tó tó. Ó dá ilé-ìwé ìṣòwò sílẹ̀ lọ́dún 1939, ìyàwó rẹ̀ kejì, Minnie, ló sì darí rẹ̀.

Òwò kan tilẹ̀ wà tó jó o lọ́wọ́. Ó dá ilé-iṣẹ́ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, Brown Belle, owó rẹpẹtẹ ló sì bá a lọ. Gaston fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé torí owó nìkan lòun ṣe wọ̀ ọ́, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣaláìní ohun mímu.

Òtẹ́ẹ̀lì tó kọ́ lọ́dún 1954 yàtọ̀ síyẹn. Òfin ìyàsọ́tọ̀ ṣì múlẹ̀ ní Alabama, aláwọ̀ dúdú tó bá rìnrìn àjò dé Birmingham kò ríbi tó dáa sùn, bó ti wù kó lówó tó. Gaston kọ́ òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 32 fún wọn, ó sì fi ilé oúnjẹ sí i. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ náà le bẹ́ẹ̀. Báńkì àwọn aláwọ̀ funfun kì í fẹ́ yá aláwọ̀ dúdú lówó ilé, báńkì tí àwọn aláwọ̀ dúdú ní nílùú náà, Alabama Penny Savings, sì ti wó láti 1915. Lọ́dún 1957, Gaston àti àwọn kan dá Citizens Federal Savings and Loan sílẹ̀. Owó ìfowópamọ́ àwọn aládùúgbò ló ń di owó tí aládùúgbò mìíràn fi ń ní ilé.

Ọdún 1963 ló dán an wò jù. Òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni Martin Luther King dé sí nígbà tí wọ́n ń bá òfin ìyàsọ́tọ̀ jà. Gaston kò fara mọ́ gbogbo ìwọ́de náà, ìjókòó àti àdéhùn ló fẹ́, àwọn ọ̀dọ́ kan sì sọ ọ́ lójú pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ń ṣe fún. Ẹni tó ní báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì láàárín ìjà, ohun tó máa pàdánù pọ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti King àti Abernathy mọ́lé lóṣù karùn-ún, òun ló san dọ́là 5,000 láti gba ìdúró wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, bọ́ǹbù bú gbàmù ní òtẹ́ẹ̀lì náà, nísàlẹ̀ yàrá tí King máa ń lò. King kò sí níbẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án, wọ́n tún ju bọ́ǹbù sí ilé Gaston fúnra rẹ̀. Kò kó kúrò nílùú, kò sì ta òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Lọ́dún 1987, ó ti lé ní ẹni ọdún 90, ó ta ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá a ṣe é, dọ́là mílíọ̀nù 3.4, owó tó kéré gan-an sí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà tó. Òtẹ́ẹ̀lì yẹn wá di ara ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Obama yà sọ́tọ̀ ní Birmingham lóṣù kìíní, ọdún 2017.