Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Tilẹ̀kùn Mọ́ Oòrùn

Mo ṣì kéré lọ́dún 2006, àmọ́ mi ò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ìyá mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó ní kí èmi àti àbúrò mi má yọjú síta, torí wọ́n ní oòrùn fẹ́ kú. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí gbogbo ẹ̀ fi kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé òṣùpá gba àárín ayé àti oòrùn kọjá, òjìji rẹ̀ sì bọ́ sórí wa. Ìṣíjibo oòrùn nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn, kò bò ó tán. Ní Accra, ó bò ó pátápátá.

Ẹ má bá ìyá mi wí o. Àwọn ọba ńlá náà bẹ̀rù ẹ̀. Ní Bábílónì àti Ásíríà àtijọ́, tí òṣùpá bá ṣókùnkùn, tí àwọn awòràwọ̀ sì ní ikú ọba ló ń tọ́ka sí, wọ́n á gbé ẹlòmíì gorí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀, kí aburú náà lè já lé e lórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa á.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yẹn náà ló kọ́ wọn ní ìṣirò. Torí wọn ò fẹ́ kó bá wọn lójijì, wọ́n ń kọ ọ́ sára wàláà amọ̀ láti ìran dé ìran, títí wọ́n fi rí i pé ó ní àsìkò: lẹ́yìn oṣù òṣùpá 223, ìyẹn ọdún 18 àti nǹkan bí ọjọ́ 11, irú ẹ̀ á tún padà wá. Ohun tó bá ti ní àsìkò, a ò lè pè é ní ìbínú mọ́.

Láti ìgbà náà ni ojú tí èèyàn fi ń wo ayé ti ń yí padà. Aristotle, ará Gíríìsì, rí i pé òjìji ayé lára òṣùpá máa ń rí róbótó, ó ní a jẹ́ pé róbótó ni ayé. Lọ́dún 1715, Edmond Halley tẹ máàpù ibi tí òjìji máa gbà kọjá ní England jáde ṣáájú ọjọ́ náà, kí àwọn ará ìlú má baà fòyà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, 1919. Arthur Eddington wá sí Príncipe, erékùṣù kan nínú òkun tó wà níhà wa níbí. Àwọn míì lọ sí Sobral ní Brazil. Einstein ti sọ pé oòrùn máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Nígbà yẹn, àfi kí oòrùn bò kí wọ́n tó lè ya irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé ó tọ̀nà. Òkùnkùn tí wọ́n torí ẹ̀ pa èèyàn láyé àtijọ́ ló wá di ohun tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa náà. Ẹ ka ọdún 18 àti ọjọ́ 10 láti ọjọ́ tí mo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, 2024. Ó sì padà lóòótọ́! Àmọ́ nǹkan bí wákàtí 8 máa ń lé lórí ẹ̀, ayé á sì ti yí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Mexico, Amẹ́ríkà àti Canada ló bọ́ sí.

Èmi àti ìyá mi wò ó lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn bò tán, wọ́n dákẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, "Ṣé ohun tí mo tilẹ̀kùn mọ́ yín lórí fún nìyí?"

Mo ní, "Òun ni, Mà."

Tó bá tún dé ọ̀dọ̀ wa, a ò ní tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú lásán wò ó o, ojú ò ní ìpààrọ̀. Awò tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn ni kẹ́ ẹ lò.