Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ ‘Scaffold’ Nínú Iṣẹ́ Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, scaffold, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti inú iṣẹ́ ilé kíkọ́ bọ́ sínú iṣẹ́ ìkọ́ni. Ní ìpìlẹ̀, ohun tí ó ń tọ́ka sí ni ọparun, igi tàbí irin tí àwọn bíríkìlà máa ń so pọ̀, tí wọ́n sì ń tẹ́ pákó lé lórí, kí wọ́n lè dúró lé e mọ ògiri tí ọwọ́ wọn kò tó láti ilẹ̀. Inú èdè Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Ìlò rẹ̀ mìíràn, èyíinì ni pèpéle tí wọ́n ti ń yẹgi fún ọ̀daràn, kò kan iṣẹ́ yìí.

Ó rọrùn láti túmọ̀ rẹ̀ sí òpó, ṣùgbọ́n àṣìtumọ̀ ni, ó sì lè ṣi olùkọ́ lọ́nà. Òpó ni ilé fi ń dúró. Bí a bá yọ ọ́, ilé wó. Ti scaffold kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó bá ṣì wà lára ilé, iṣẹ́ kò tíì parí. Ìtìlẹ́yìn sàn díẹ̀, àmọ́ kò sọ ìgbà tí ìrànlọ́wọ́ yóò dópin. Ìgbéró ìgbà díẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù.

Ní ọdún 1976 ni David Wood, Jerome Bruner àti Gail Ross lo ọ̀rọ̀ yìí fún iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ 30 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 3, 4 àti 5 ni wọ́n lò. Ègé igi 21 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láti tò di pírámíìdì. Bí ọjọ́ orí ti ń yàtọ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ń yàtọ̀. Ṣe ni olùkọ́ ń fa ojú ọmọ ọdún 3 mọ́ra kí ó má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́ ọmọ ọdún 4 sọ́nà. Ní ti ọmọ ọdún 5, kò ju kí ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kí ó sì fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ó tọ̀nà. (Àwọn kan máa ń ka ọ̀rọ̀ náà sí ti Vygotsky. Ọdún 1934 ni ó kú, tirẹ̀ sì ni èrò nípa àlàfo tí ó wà láàrin ohun tí ọmọ lè dá ṣe àti èyí tí ó lè ṣe bí ẹlòmíràn bá ràn án lọ́wọ́.)

Àfiwé náà mẹ́hẹ níbì kan. Bíríkìlà ni scaffold ń gbé, kì í ṣe ilé. Ohun tí ó jọ iṣẹ́ olùkọ́ jù ni àwọn ọparun tí wọ́n ń tì sábẹ́ kọnkéré tí wọ́n dà sí òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá yọ wọ́n kí kọnkéré tó gbẹ, yóò wó lulẹ̀. Bí ó bá sì ti gbẹ tán, wọn kò wúlò mọ́.

Ẹ wo kíkọ́ àmì ohùn. Bí olùkọ́ bá kọ igba, igbá, igbà àti ìgbà sójú pátákó, ó lè kọ́kọ́ kùn wọ́n lóhùn pẹ̀lú dò-re-mí, kí ó sì fi àmì sí i lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, yóò kàn máa kùn ún, àwọn ni yóò fi àmì sí i. Níkẹyìn, yóò fún wọn ní gbólóhùn tí kò ní àmì, yóò sì pa ẹnu mọ́. Ibi ìpanumọ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kùnà, nítorí pé ojú ń kán wọn láti gbọ́ ìdáhùn tí ó tọ̀nà. Ọmọ a wá gba gbogbo ibi nínú iṣẹ́ ṣíṣe, kò sì ní lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìdánwò.

Olùkọ́ kan sí ọmọ kan ni ti ìwádìí ọdún 1976. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ ogójì, ìrànlọ́wọ́ tí ẹnì kan ṣì nílò ti di ìdíwọ́ fún ẹlòmíràn. Olùkọ́ lè mú ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n jókòó ti ẹni tí kò tíì mọ̀, bí ó bá ti kọ́kọ́ kọ́ ẹni àkọ́kọ́ náà láti máa kun ohùn, kí ó má sì gba bírò lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀.