Ẹ Fi Eré Kọ́ Ọmọ Yín Ní Èdè Ilé

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, lọ kí ìyá mi ní Ìkòyà, lẹ́bàá Òkìtìpupa. Ìdí ààrò ni a bá wọn, wọ́n ń yí púpurú wọn padà lókè iná. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi mú igbá yẹn wá." Ọmọ náà dúró. Ó wo Màmá àgbà, ó wo èmi náà, ó sì bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni wọ́n ń wí. Ìyá mi kò bínú. Wọ́n dìde, wọ́n mú igbá wọn fúnra wọn, wọ́n sì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé èmi ni mo di àlejò fún ọmọ yìí ni, àbí òun ni ó di àlejò fún mi?" Ẹnu mi wọhò.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ara mi. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ sí i nílé, kí ahọ́n rẹ̀ má baà wúwo. A gbà wọ́n gbọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ti gba irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé èdè ilé a máa dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáradára kọ́ wọn lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kejì fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹrù yìí lé ilé ẹ̀kọ́ lórí. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 fi àyè fún èdè abínibí. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi í kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Òfin a máa yí padà. Ilé ni èdè ti ń fìdí múlẹ̀, ọwọ́ ìyá sì ni ó wà.

Ọmọdé kì í jókòó gba ẹ̀kọ́ bí àgbà; eré ni iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin oníṣègùn kan ní Ítálì, Maria Montessori, mọ èyí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1907 ni ó ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ tálákà ní ìlú Róòmù. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wa kọ sára pátákó wọn títí di òní. Ọ̀nà tí ó fi ń kọ́ ọmọ ní orúkọ nǹkan, tí ó rí kọ́ lára oníṣègùn Faransé kan, Séguin, rọrùn, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Eré orí ẹní. Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ kó igbá, ìgbakọ àti orógùn sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ dárúkọ wọn: "Ìgbakọ nìyí." Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní kí ó mú un: "Mú ìgbakọ fún mi." Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ bi í pé: "Kí nìyí?" Bí kò bá rántí, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì.

Eré ìdí oúnjẹ. Bí ẹ bá ń ṣe púpurú, ẹ máa sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe: a bó ẹ̀gẹ́, a rẹ ẹ́, a fún omi rẹ̀, a mọ ọ́ roboto, a yan án, a họ ẹ̀yìn rẹ̀, a gún un, a kù ú, a rò ó. Ẹ fún ọmọ ní díẹ̀ kí ó mọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí iná.

Eré ekùrọ́. Ẹ ka ogún ekùrọ́ sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan kúrò: ó di ọ̀kàndínlógún. Ẹ mú òmíràn: ó di èjìdínlógún. Ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ogún ni a ń dín. Ẹ má ṣe fi ekùrọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, kí ó má baà fi há ọ̀fun.

Eré ìlù. Ẹ lu agolo òfìfo ní ohùn dò, re, mi. Bí ẹ bá pe "ọkọ́," kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń roko. Bí ẹ bá pe "ọkọ̀," kí ó máa wa ọkọ̀. Bí ẹ bá pe "ọkọ," kí ó nawọ́ sí bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín ni ẹ ó máa rín, etí rẹ̀ yóò sì máa là sí ohùn.

Ní alẹ́, kí iná mànàmáná wà tàbí kí ó má sí, ẹ pa àlọ́ kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lóòjọ́. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí eré ṣì ń wù ú. Bí ó bá ṣì í sọ, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ẹ tún un sọ fún un bí ó ti yẹ. Ẹ má sì ṣe tijú Ìkálẹ̀ wa nítorí Yorùbá inú ìwé. Ohùn "gh" tí a fi ń pe owó ní "eghó" jẹ́ ogún tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Ọmọ tí ó mọ méjèèjì kò pàdánù ọ̀kankan. Bí bàbá bá sì ti ìlú mìíràn wá, kí ó máa sọ tirẹ̀ sí ọmọ, kí ìyá máa sọ tirẹ̀.

Bí èmi àti ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a tún dé Ìkòyà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó sáré bá Màmá àgbà, ó ní kí wọ́n fún òun ní eghó kí òun fi ra ẹ̀pà. Ìyá mi tú ìdí ìró wọn, wọ́n fún un, wọ́n sì tún fi lé e. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ ó fi rí ogbufọ̀ sáàárín ọmọ yín àti ìyá yín. Igbá àti orógùn wà nílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.